Bí ẹgbẹ́ Linux wa l'Abẹ́òkúta ṣe kúrò lórí ènìyàn mẹ́rin

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo darí, àwa mẹ́rin péré la jókòó. Ẹni kẹrin ò sì bá ti Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, wá. Ibi tó ti máa cháàjì fóònù ló ń wá.

Mo kúkú múra sílẹ̀ o. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí Linus Torvalds, ọmọ Finland tó gbé Linux jáde ní 1991, mo rọra ń bọ̀ títí tí mo fi dórí Ubuntu, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, ní 2004. Nígbà tí màá fi gbójú sókè, onícháàjì ti sùn lọ, àwọn méjì yòókù ń tẹ fóònù. Ta ló ní kí n wá máa pìtàn?

Ibi àti àkókò ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Alábàtà, lẹ́bàá yunifásítì FUNAAB, la ti ń pàdé tẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ ẹbí ti wà lọ́rùn gbogbo ayé. A gbé e wá sí Ìbarà, ọjọ́ Sunday, aago 3. A di méje. Ó parí síbẹ̀.

Windows 10 ló wá bá wa ṣe é. Microsoft dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 2025, Windows 11 ò sì fẹ́ kọ̀ǹpútà tí kò bá ní TPM 2.0, ohun ààbò kan tó ń wà nínú kọ̀ǹpútà. Tòkunbọ̀ tó pọ̀ lọ́wọ́ wa ni kò ní in. Ni mo bá fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Mi ò kọ ọ́ sórí WhatsApp. Wọ́n á kàn fi àtàǹpàkò dáni lóhùn ni, a ò sì ní rí wọn. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ gbé kọ̀ǹpútà tó ń dà yín láàmú wá."

Àwọn 19 ló wá. A ti dáwó dátà, torí fáìlì Linux Mint, ẹ̀yà Linux tí a lò, súnmọ́ 3GB. Ẹ̀ẹ̀kan la wà á sílẹ̀, a sì dà á sórí flash mẹ́ta. A kọ́kọ́ ń tan kọ̀ǹpútà láti orí flash, kí ẹni tó ni ín rí i bóyá Wi-Fi àti ohùn ń ṣiṣẹ́, láìtíì fọwọ́ kan nǹkan tó wà nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe ohun tó ṣì ń dùn mí dòní. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kò sí nǹkan kan lórí tòun, mo gbà á gbọ́, mo tẹ "Erase disk", èyí tó ń pa gbogbo nǹkan tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ kó tó rántí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi wá a?" A wá a tì. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan sí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín ti kó fáìlì rẹ̀ síta, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ọ̀kan níbẹ̀ kí a rí i.

Òfin kejì: ẹni tí a bá ṣe tirẹ̀ lóṣù yìí, òun ló máa di flash mú fún ẹlòmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Ó ṣòro kí ẹni tí wọ́n ń retí má wá.

Màmá kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú wà lára wọn. "ELEKO" ni wọ́n tẹ̀ sára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. "Ọmọ mi, oníbàárà ń bi mí bóyá Èkó ni mo ti ń kó o wá!" Linux ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tirẹ̀, lábẹ́ Nigeria, a fi kún un. Wàhálà kan ṣì kù: Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ò ní àmì kan ṣoṣo fún ẹ́, ẹ ni wọ́n ń gbé àmì ohùn lé lórí, fọ́ǹtì tí a sì kọ́kọ́ lò ju àmì ohùn náà sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. A yí i sí Noto Sans, ó jókòó. Màmá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn: Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ. Wọ́n tún tẹ Àdìrẹ Oníko, bẹ́ẹ̀ a ò tíì ní kí wọ́n ṣe é.

Àwa 31 la wà lóṣù tó kọjá. Màmá mú ẹlẹ́gbẹ́ wọn méjì wá látọjà, mo sì súnmọ́ wọn pé kí n ṣàlàyé kíbọ́ọ̀dù. Wọn ò gbójú sókè. "Màá fi hàn wọ́n. Ìwọ lọ wo jẹnẹrétọ̀, epo rẹ̀ ti fẹ́ tán."

Mo lọ.