Bí Mo Ṣe Fi Ọmọ Àbúrò Mi Sí Ilé-Ìwé Ìjọba ní Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Èkó pè mí pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ òun, pé àwọn fẹ́ kí ọmọ àwọn ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá máa gbé lọ́dọ̀ èmi àti màmá wa ní Ìkọ̀lé, kó sì máa lọ sí ilé-ìwé ìjọba. Mo gbà lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, nítorí òfin ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ti sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, láti pírámárì kìíní títí dé JSS 3, di ọ̀fẹ́ àti dandan káàkiri Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí.

Kí n tó jáde nílé ni màmá ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n fi òun sí ilé-ìwé, kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ bàbá wọn. Olùkọ́ ní kí wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí wọ́n fi kan etí òsì. Ọwọ́ kàn án, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Màmá pe ọmọ náà, wọ́n ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú wa, ọwọ́ ọmọ sì bo etí mọ́lẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní, “Ó ti tó. Kí lẹ tún ń wá lọ sí lọ́káàlì?”

Ilé-ìwé tó sún mọ́ wa ni mo kọ́kọ́ lọ. Ilé kíláàsì méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ti gbó, èkejì jẹ́ tuntun tí wọ́n kọ UBEC, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, àti SUBEB, ti ìpínlẹ̀, sí lára ògiri. Ohun tí àkọlé yẹn túmọ̀ sí ni pé owó ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ló pàdé láti kọ́ ọ, nítorí ìpínlẹ̀ tí kò bá kó ìdajì tirẹ̀ sílẹ̀ kò lè rí ìdajì ti àpapọ̀ gbà. Ọ̀gá ilé-ìwé, ìyá kan tó ń fi gègé dúdú kọ rẹ́jísítà lọ́wọ́, fún mi ní àga, wọ́n sì ka ohun tí mo gbọ́dọ̀ mú wá fún mi: ìwé tíránsífà láti ilé-ìwé àtijọ́, èsì ìdánwò táàmù tó kọjá, ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, àti fọ́tò méjì. Nígbà tí ọmọ sì ti ń bọ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn, kí n gba lẹ́tà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Mo béèrè iye tí n ó san. Wọ́n ní kò sí, pé láti oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ti fọwọ́ sí àṣẹ tó fòpin sí owó ìdàgbàsókè tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba ń san tẹ́lẹ̀ ní Èkìtì. Yunifọ́ọ̀mù àti ìwé àkọsílẹ̀ ni kí n múra sílẹ̀ fún.

Ìwé tíránsífà ló jẹ ọ̀sẹ̀ méjì nínú mẹ́ta yẹn. Ilé-ìwé aládàáni tí ọmọ ti ń bọ̀ ní àwọn kò ní fún wa àfi tí a bá san gbèsè táàmù kan, àbúrò mi sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, orúkọ tí a fi ń kẹ́ ọmọ nílé ni wọ́n kọ sí i, èyí tí kò sí níbì kankan nínú ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà ní Èkìtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lábẹ́ SUBEB tó wà ní Adó. Akọ̀wé tó gba ìwé mi tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi ẹnu báírò tọ orúkọ kìíní, ó tọ èkejì, ó wá gbójú sókè. “Ọmọ méjì lẹ mú wá yìí o.” Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ sí kóòtù lọ búra, kí n gba àfidáfíìtì pé ẹnì kan náà ló ni orúkọ méjèèjì. Mo lọ, mo gbà á, mo padà dé ní ọjọ́ kejì. Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ pé ó yẹ kí n ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ ní méjì-méjì. Ìyá kan tó wá láti abúlé oko jókòó lórí bẹ́ńṣì níta, ó ní ìgbà kẹta tí òun máa gun ọ̀kadà wá nìyẹn, lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ òun. Wọn kò hùwà àìdáa sí ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú tèmi, owó ọkọ̀ àlọ-àbọ̀ ni owó ilé-ìwé tí òfin kò rí fagi lé.

Ohun tó gbà mí sílẹ̀ ni pé ọ̀gá ilé-ìwé kò jẹ́ kí ọmọ dúró sílé. Láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti mú un wọ pírámárì kẹrin, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé pélébé kan tí wọ́n fi há inú rẹ́jísítà, tí wọ́n ní ìwé a máa bá a níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ló délé tó ń béèrè ìdí tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ń pe ilé ní “ulé”, tí wọ́n sì ń pe igi ní “ugi”. Màmá, tí wọn kò pe ulé ní nǹkan mìíràn rí, wò ó bíi pé òun gan-an ni kò gbọ́ Yorùbá.

Ọjọ́ tí mo mú lẹ́tà olóǹtẹ̀ dé ni wọ́n yọ pélébé yẹn kúrò, tí wọ́n fi gègé kọ orúkọ ọmọ ní kíkún. Wọ́n ní kí n wá sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, níbi tí àwọn ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé, nínú èyí tí aṣojú ọba àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wà, yóò ti sọ̀rọ̀ lórí kànga tó bàjẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ kànga tán, ni mo bá dìde bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ gbogbo ìwé tí òbí gbọ́dọ̀ mú wá sójú kan. Bàbá káfíńtà kan nínú ìgbìmọ̀ ní òun yóò fún wọn ní pákó tí wọn yóò kàn án mọ́.

Nígbà tí mo lọ mú ọmọ ní ọjọ́ Ajé, páálí funfun kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, tí wọ́n fi gègé dúdú kọ ní Yorùbá: tíránsífà, èsì, ìwé ọjọ́ ìbí, fọ́tò méjì, ẹ̀dà méjì-méjì, àfidáfíìtì bí orúkọ kò bá bára mu. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan: Ẹ mú ọmọ wá ná.