Bí A Ṣe Ń Dá Iṣẹ́ Tó Ń Tún Àyíká Ṣe Mọ̀, àti Ìmọ̀ Tó Ń Fẹ́

Ẹni tó bá rìn láti Tánkẹ̀ dé Ọjà Ọba nílùú Ìlọrin lóde òní á rí i pé páńẹ́ẹ̀lì sólà ti gun orí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I better pass my neighbour” ti di ẹrù lọ́rùn ọ̀pọ̀ èèyàn. Iṣẹ́ bíi ti ẹni tó ń so sólà ni wọ́n ń pè ní green jobs lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ á pè é ní iṣẹ́ tó ń tún àyíká ṣe.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúkọ náà ti di orúkọ ọjà. Ẹni tó ń ta páńẹ́ẹ̀lì ayédèrú ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó ń dáná sun wáyà kó lè rí bàbà inú rẹ̀ náà á ní àtúnlò lòun ń ṣe. Iṣẹ́ gan-an ni ká wò, ká fi orúkọ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ béèrè ibi tí ìdọ̀tí iṣẹ́ náà ń lọ

Lọ́dún 2008, àjọ ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé àti UNEP tó ń rí sí àyíká gbé ìwé jáde lórí irú iṣẹ́ yìí. Ohun méjì ni ILO ń wò: kí iṣẹ́ náà dáàbò bo àyíká tàbí kó tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe, kó sì jẹ́ iṣẹ́ tó yẹ ọmọ èèyàn, tí kò ní gba ìlera lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é.

Èkejì yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ wo bátìrì ọkọ̀ tó ti kú. Òjé inú rẹ̀ ṣeé tún lò, nítorí náà á dà bíi pé oore ńlá ni ẹni tó ń rà á kiri ń ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àáké ni wọ́n fi ń là á lẹ́yìnkùlé, tí ásíìdì rẹ̀ ń ṣàn lọ sí gọ́tà, tí wọ́n sì ń yọ́ òjé lórí iná gbangba, òjé yẹn á wọnú ilẹ̀, á wọnú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́ jù. Ẹ má pe ìyẹn ní àtúnlò fún mi.

Ọkọ̀ tó ń lo CNG, ìyẹn gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà dípò bẹntiróòlù, ńkọ́? Èèfín rẹ̀ kéré sí ti bẹntiróòlù, àmọ́ inú ilẹ̀ náà la ti ń wa gáàsì. Lójú tèmi, àárín ọ̀nà ló ṣì wà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo iṣẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ yín

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe tuntun. Iṣẹ́ àtijọ́ tí a fi ìmọ̀ díẹ̀ lé ni. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, tó bá kọ́ bí a ṣe ń fa gáàsì àtijọ́ sínú sílíńdà dípò kó tú u sáfẹ́fẹ́, ti wà lójú ọ̀nà. Kó ṣáà rántí pé gáàsì R600a tó wà nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì tuntun máa ń gbiná. Jórinjórin lè ṣe ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń gé igi ayìn àti igi èmi fi ṣe èédú, ẹni tó mọ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ igi, tó sì mọ bí a ṣe ń lọ́ kajú (ká so ẹ̀ka igi kan mọ́ ìdí òmíràn), ní iṣẹ́ níwájú.

Ìdí gàrí ni ẹ̀rí wà jù. Ẹ gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán, ẹ ó gbóòórùn òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ kẹ́ ẹ tó rí i. Èèpo yẹn, bí a bá rin ín lọ́jọ́ tí a bó o, tí a fún omi rẹ̀, tí a tú u ká, tí a sì sá a dáadáa, oúnjẹ ewúrẹ́ àti adìyẹ ni. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù máa ń fún wa ní nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. Ìmọ̀ tó ń fẹ́ kò pọ̀: ká mọ ìgbà tó gbẹ dé ojú ààmì kó má baà bu, ká mọ òṣùwọ̀n, ká máa kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sílẹ̀. Ní ti ẹ̀rọ, iléeṣẹ́ NCAM tó ń rí sí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Ìdọ̀fìàn, lójú ọ̀nà yẹn kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ìbéèrè àkọ́kọ́. Omi tí wọ́n fún jáde lára èèpo máa ń ní májèlé nínú. Bó bá jẹ́ inú odò ló ń ṣàn sí, iṣẹ́ ò tíì tán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ìmọ̀ tó wà nídìí iṣẹ́ náà gan-an

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí sólà, torí òun làwọn èèyàn ń kánjú wọ̀ jù. Gbígbé páńẹ́ẹ̀lì gun orí páànù kọ́ ni iṣẹ́ ọ̀hún, ìṣirò ni. Ká ní ilé kan ní Gáà Akanbí ní gílóòbù 5 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 10, fáànù 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 70, àti tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ 80. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 270. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó fún wákàtí 6 lálẹ́, ẹ sọ 270 di ọ̀nà 6: wáàtì-wákàtí 1,620 nìyẹn. Bátìrì olómi tí wọ́n kọ 12V, 200Ah sí lára ń gba 2,400 (ìyẹn 12 lọ́nà 200), àmọ́ a kì í lò ju ìdajì lọ bí a bá fẹ́ kó pẹ́, ìyẹn 1,200. Kò tó. Méjì ni wọ́n nílò, tàbí lítíọ̀mù kan tó tó bẹ́ẹ̀, torí a lè lo ìdá 80 nínú 100 tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìṣirò yìí á ta bátìrì kan fún wọn, kò ní pẹ́ kú, òkú rẹ̀ á sì tún padà sọ́dọ̀ aláàké ẹ̀yìnkùlé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni sísanra wáyà, fíúsì, àti bí a ṣe ń gun òkè láìjábọ́. Gúúsù ni páńẹ́ẹ̀lì Ìlọrin ń kọjú sí. Kó dagun díẹ̀ kí òjò lè fọ̀ ọ́, ká sì máa nù ún nígbà ọyẹ́. Ìmọ̀ kan tún wà tí ọ̀gá kì í sábà kọ́ni: ẹnu láti sọ fún oníbàárà pé áyọ́ọ̀nù kò sí nínú ohun tí a ṣírò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Kẹ́ ẹ tó san owó ìkọ́ṣẹ́

Ẹ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá náà fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ wò ó bóyá ó ní mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò, àbí ahọ́n ló fi ń tọ́ ọ wò. Ẹ bi í bóyá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń lọ ṣe ìdánwò fún ìwé ẹ̀rí, torí iléeṣẹ́ ńlá á béèrè rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ bi í pé: “Ọ̀gá, bátìrì tó kú lọ́wọ́ yín ńkọ́, ta ló ń kó o?” Bó bá nawọ́ sí gọ́tà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kẹ́ ẹ wá ọ̀gá mìíràn.