£11 bàámi àti ohun tí ojú mi rí kí n tó gbà á

Owó tó jáde, pẹ̀lú èlé, jẹ́ £34. Owó tí mo ná kó tó jáde lé ní £200, £85 nínú rẹ̀ sì bọ́ sápò alárinà kan tó ní òun nìkan ló mọ ọ̀nà. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ tán.

Lẹ́yìn tí a sin bàámi, ibi tí a ti ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́ ní Peckham, ní London, ni mo ti rí ìwé pẹlẹbẹ kan nínú Bíbélì rẹ̀. Post Office Savings Bank ni wọ́n kọ sí èèpo rẹ̀. Ọdún 1959 ló ṣí i, nígbà tó ń kàwé lọ́yà lọ́sàn-án, tó ń ṣa lẹ́tà ní pósọ́fíìsì lóru. Ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ yìí, ṣílè méjì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òǹtẹ̀ róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹta ọdún 1963, òǹtẹ̀ dúró. £11 ló wà níbẹ̀. Wáyà (tẹligíráàmù) kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin wà lójú ewé yẹn, àbúrò rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ láti Abẹ́òkúta: ìyá ń ṣàìsàn, máa bọ̀. Ó lọ, kò sì padà sí London títí di 1967. Bóyá ó gbàgbé owó náà, bóyá ó kàn fi í sílẹ̀ ni, kò sí ẹni tí mo lè bi.

Ohun tí alárinà ṣe fún £85 ni pé ó kọ fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi wá owó náà. My Lost Account ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ti wá mọ̀ báyìí. Nígbà yẹn, ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi nínú áńfílọ́ọ̀pù tí orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ ń dán gbinrin lára, mo sì sanwó bí ọmọ dáadáa.

Ìbínú yẹn ló gbé mi dé ìdí òfin ọdún 1861 tó dá báńkì náà sílẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni lè ti jẹ owó náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Mi ò kì í ṣe lọ́yà bíi bàámi, ṣùgbọ́n mo kà á, ó yé mi, orí mi sì wú. Kó tó di ìgbà yẹn, àwọn gbajúmọ̀ àdúgbò ló ń bójú tó báńkì àwọn tálákà. Ní Rochdale ní 1849, ẹni tó ń tọ́jú ìwé owó kú, wọ́n tú ìwé rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó ti kó ohun tó lé ní £70,000 jẹ. Gladstone, tó ń ṣe mínísítà ìṣúná, ló wá ní kí pósọ́fíìsì máa gba owó ìfipamọ́, kí ìjọba fúnra rẹ̀ sì dúró fún gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 1861 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ṣílè kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Èèyàn kò gbọ́dọ̀ fi ju £30 sí i lọ́dún, kò sì gbọ́dọ̀ fi ju £150 sí i lápapọ̀, láìka èlé. Eépìnnì kan, ìyẹn ìdajì pẹ́nì, ni èlé pọ́n-ùn kan lóṣù, pọ́n-ùn tó pé ni o: ṣílè mọ́kàndínlógún kò bí nǹkan kan.

Nítorí náà, owó bàámi wà. Ẹ̀ka mìíràn nínú òfin kan náà ló wá fojú mi rí màbo: òṣìṣẹ́ pósọ́fíìsì kankan kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tó fowó pamọ́, tàbí iye tó ní, fún ẹlòmíràn. Ó dára fún ẹni tó ní owó. Ẹni tó ní owó ti kú, àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn sì ń fi ahọ́n ọdún 1861 bá mi sọ̀rọ̀.

Fọ́ọ̀mù kíkọ, ìwé ẹ̀rí ikú, ìyẹn ò le. Orúkọ ni ọ̀ràn. Williams ló wà nínú ìwé báńkì, orúkọ tí baba ńlá wa gbé bọ̀ láti Sàró. Ní àárín ọdún tí bàámi wà nílé, ó bọ́ Williams jù nù, ó mú orúkọ Yorùbá, kò sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kankan. Orúkọ tuntun yìí ni wọ́n fi sin ín. Ọ́fíìsì tí owó wà lọ́wọ́ wọn ní kí n fi hàn pé ẹni kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì.

Mo fi ẹ̀dà wáyà ránṣẹ́. Àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé báńkì ló wà lórí rẹ̀, orúkọ kan náà. Wọ́n ní kì í ṣe ìwé ìjọba. Inú bí mi! Mo kọ̀wé sí wọn pé láti 1870 ni ìjọba Britain ti gba wáyà abẹ́lé lọ́wọ́ àwọn kọ́ńpìnnì, pé wọ́n tún gba Cable and Wireless tó ń gbé ti òkè òkun ní 1947, pé ìjọba ló gbé bébà yẹn dé ẹnu ọ̀nà bàámi. Wọ́n fèsì, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún àlàyé náà, wọ́n sì tún béèrè ẹ̀rí.

Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bá wọn jà ni mo ti pàdé Frank Ives Scudamore. Ó wà lára àwọn tó gbé báńkì náà kalẹ̀, òun náà ló sì ṣètò bí ìjọba ṣe gba wáyà. Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ pọ́n-ùn ló kọ́kọ́ dá lé e. Ó ju ìlọ́po méjì lọ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ní 1873, àṣírí tú pé ó ti ná ohun tó lé ní £800,000 sórí wáyà láìgba àṣẹ ilé aṣòfin, owó àwọn tó ń fi ṣílè pamọ́ sì wà nínú rẹ̀. Kò fi eépìnnì kan sápò ara rẹ̀. Ó kàn ń kánjú ni. Mo ka ibẹ̀, mo wo ìwé ìnáwó ara mi, mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Ó wá ku àbúrò bàámi ní Abẹ́òkúta, ẹni tó tẹ wáyà yẹn gan-an, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ búra ní kóòtù. Wọ́n lọ, wọ́n jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gba ìwé ìbúra, mo sanwó kí wọ́n fi í ránṣẹ́ kíákíá. Ọ́fíìsì dá a padà: akọ̀wé kóòtù kọ William, kò fi “s” sí i. Lẹ́tà kan! Mo ní láti tún pe bàbá náà ní Abẹ́òkúta.

“Ìwọ ọmọ yìí, èló ni owó náà gan-an?”

“£11 ni, sà.”

Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n tún lọ.

Oṣù méje ló gbà mí. Bẹ́ẹ̀, ní 1893 pàápàá, ẹni tó nílò owó kíákíá lè fi wáyà gbà á nínú báńkì yẹn.

Bí ẹ bá rí irú ìwé báyìí nínú ẹrù òbí yín, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni láti bá yín wá a. Ẹ tètè bi ọ́fíìsì pé irú ẹ̀rí wo gan-an ni wọn yóò gbà fún orúkọ tó yí padà, kí ẹ gbà á ní kíkọ. Kí ẹ sì ka ìwé ìbúra, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé.

Nígbà tí £34 wọlé, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Bàbá pè mí lálẹ́.

“Mo ti rí i gbà. Ó wá ku owó wáyà. Mo yá a ni, lọ́dún yẹn, kí n tó rí i tẹ̀.”