Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ paralíígà bá yín lára mu, pàápàá bí ẹ bá ń gbé Abuja

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ìwé ẹjọ́ lọ sí kóòtù kan ní Abuja, akọ̀wé tó wà ní káńtà ṣí ewé méjì péré, ó tì í padà sí mi. "Ta ló búra sí àfídáfíìtì yìí?" Ẹ̀dà mẹ́rin ni mo kó dání, mo ti tò wọ́n dáadáa, àmọ́ oníbàárà wa kò tíì búra níwájú kọmíṣánnà ìbúra pé òótọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé náà. Kí a tó wá a rí, wọ́n ti ti káńtà ìsanwó. Ọ̀gá mi ò pariwo. Ó ní kí n kọ ohun tí mo gbàgbé sórí páálí, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì mi. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ paralíígà, ìyẹn ẹni tó ń ṣèrànwọ́ nídìí ọ̀ràn òfin láìjẹ́ lọ́ọ́yà, ló rí bẹ́ẹ̀: ìwé, káńtà, àti dídúró de ẹlòmíì.

Àwọn ọmọ wa ní Kubwa, Nyanya àti Lugbe máa ń bi mí bóyá kí àwọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ èyí tí ẹ ń wí

Iṣẹ́ méjì ló ń jẹ́ orúkọ yìí. Ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì lọ́ọ́yà: ẹ ó gbé ìwé lọ sí kóòtù, ẹ ó tẹ̀ lé béélíìfù, òṣìṣẹ́ kóòtù, lọ fi ìwé ìpè lé ẹni tí a pè lẹ́jọ́ lọ́wọ́, ẹ ó yẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ wò ní Corporate Affairs Commission ní Maitama, ẹ ó yẹ ìwé ilẹ̀ wò ní AGIS, ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja, ní Garki. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa ṣe é, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n kọ "paralegal". "Litigation clerk" tàbí "litigation officer" lẹ máa rí.

Èkejì wà láàárín ìlú: ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje tàbí Suleja, lábẹ́ àwọn àjọ aláàánú tàbí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá àwọn tí kò lówó lọ́ọ́yà gba ẹjọ́ rò. Òfin Legal Aid ti ọdún 2011 fún Council yẹn láṣẹ láti fún ẹni tó bá ṣe ẹ̀kọ́ tí wọ́n là kalẹ̀ ní láísẹ́ńsì. Ní ọ́fíìsì lọ́ọ́yà ní tiwa, mi ò tíì rí ọ̀gá tó béèrè láísẹ́ńsì yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn fídíò tí ẹ ń wò lórí YouTube ńkọ́? Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ. Ẹ má fi ti ibẹ̀ ṣírò tibí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé ibi tí ẹ ń lọ nìyí, àbí ibi tí ẹ ti fẹ́ wọ mọ́tò?

Bí ó bá jẹ́ lọ́ọ́yà lẹ fẹ́ dà, ẹ sọ ọ́ fún ara yín láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ọdún márùn-ún ni yunifásítì, mẹ́rin fún ẹni tó bá gba direct entry wọlé, lẹ́yìn náà Law School ní Bwari tàbí ẹ̀ka rẹ̀ mìíràn. Ọdún mẹ́wàá tí ẹ bá fi gbé fáìlì kò yọ ọjọ́ kan kúrò nínú ẹ̀. Mo mọ ẹni tó ní ọdún kan péré lòun máa fi ṣe é kó tó gba JAMB. Ọmọ rẹ̀ ti ń gba JAMB báyìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lọ jókòó ní kóòtù

Òfin ilẹ̀ wa ní kí a máa gbọ́ ẹjọ́ ní gbangba, nítorí náà ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni mọ̀ yín. Ẹ múra dáadáa, ẹ pa fóònù, kí ẹ ti dé kóòtù májísíréètì ní Wuse Zone 2 kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Mararaba, kó tètè jí, ẹ mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Nyanya.

Bí ẹ bá jókòó, ẹ má wo lọ́ọ́yà tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo ẹni tó gbé àpò fáìlì sí ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń yọ́ lọ bá rẹ́jísírà, tó ń kọ ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí. Iṣẹ́ yín nìyẹn. Bí wọ́n bá wá ní adájọ́ kò ní jókòó lónìí, ẹ wo ojú ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dán ọwọ́, ahọ́n àti ẹnu yín wò

Ọwọ́: ẹ wá aládùúgbò kan tí òun àti lańlọ́ọ̀dù ń fa wàhálà. Ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sójú ewé kan: ọjọ́, iye owó, rìsíìtì tó wà àti èyí tí kò sí. Ẹ kà á lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá bá "lańlọ́ọ̀dù náà ò láàánú" níbẹ̀, tí ọjọ́ tó sanwó kẹ́yìn kò sì sí, ẹ tún un kọ.

Ahọ́n: Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kò tó. Ní Area Court, ìyẹn kóòtù ìbílẹ̀, ní káńtà ọlọ́pàá, àti lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ máa lọ fún níwèé, Hausa ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Ní púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá tí kóòtù Ṣàríà wà, ó tiẹ̀ máa ṣòro gan-an láìgbọ́ ọ.

Ẹnu ló le jù. Òfin tó wà fún àwọn agbẹjọ́rò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí kì í ṣe lọ́ọ́yà pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa! Ẹ bá wọn dé ibi ìsọmọlórúkọ kan ní Kubwa, bàbá kan á ní "Lọ́ọ́yà wa dé!", á fa ìwé ilẹ̀ yọ nínú agbádá: "Bá mi wo ibi tí mo máa buwọ́ lù." Ẹ ti kúnlẹ̀ kí wọn tán, wọ́n ti ń gbé ìrẹsì bọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ níbẹ̀ pé, "Bàbá, mi ò kì í ṣe lọ́ọ́yà, àmọ́ mo lè mú yín dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi."

Ní tẹ́ṣàn náà, ààlà wà. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015, tí wọ́n ń pè ní ACJA, ní bí afurasí kò bá ní lọ́ọ́yà, òṣìṣẹ́ Legal Aid Council tàbí ti àjọ aráàlú lè jókòó tì í bó ṣe ń kọ sítétímẹ́ǹtì. Ẹ jókòó tì í ni, ẹ ò gbọ́dọ̀ dá sí i. Ohun tí ẹ lè sọ fún ìdílé rẹ̀ pọ̀: òfin kan náà kò gbà kí wọ́n mú ìyá torí pé wọn ò rí ọmọ, kò sì gbà kí wọ́n mú èèyàn torí gbèsè lásán. Ẹ rọra sọ ọ́. Ẹni tó bá gbé òfin pariwo lójú ọlọ́pàá máa ń dá kún ọjọ́ ẹni tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó

Ẹ gbé owó oṣù tí wọ́n bá pè fún yín, kí ẹ yọ owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ 22 kúrò. Kí ẹ tó gbà, ẹ béèrè ta ló ń san owó ọkọ̀ lọ sí Gwagwalada tàbí Bwari bí iṣẹ́ bá gbé yín lọ. Ẹni tí kò béèrè, àpò ara rẹ̀ ló ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́, Kánò àti Yola ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ òfin, àwọn yunifásítì kan náà sì ń ṣe dípílómà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọ ọ́fíìsì lọ́ọ́yà mẹ́ta, kí ẹ béèrè irú ìwé tí ẹni tí wọ́n gbà kẹ́yìn ní.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oṣù kan

Ẹ bẹ lọ́ọ́yà kan kó jẹ́ kí ẹ wá fún oṣù kan. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹ máa kọ ọjọ́ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá lọ́wọ́ yín sínú ẹ̀. Bí oṣù bá pé, ẹ fa ìlà sábẹ́ èyí tí ẹ rántí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán yín létí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e fún ọ̀gá náà, kí ẹ bi í bóyá yóò sanwó fún ẹni tó ni ìwé yìí.