Bí mo ṣe yanjú pípe ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ nínú èdè Dutch
Bí mo bá ka ọ̀rọ̀ gígùn bíi "avondeten", tí í ṣe oúnjẹ alẹ́, sókè, kì í yé àwọn elédè, nítorí a-von-de-ten ni mo ń pè é. Kíkà á díẹ̀díẹ̀ kò ràn mí lọ́wọ́. Òfin pé kọ́ńsónáǹtì kan láàárín fáwẹ́lì méjì máa ń bá sílébù tó tẹ̀lé e lọ ṣiṣẹ́ fún "wo-nen" (láti gbé níbì kan), àmọ́ ó kùnà níbi tí ọ̀rọ̀ méjì ti so pọ̀.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé kí n kọ́kọ́ wá oríkèé náà láti ẹ̀yìn, kí n gé e níbẹ̀, kí n tó pín apá kọ̀ọ̀kan sí sílébù: a-vond, lẹ́yìn náà e-ten, tí "d" sì ń dún bíi "t", tí ìtẹnumọ́ sì wà lórí apá àkọ́kọ́, bó ti máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà. Bákan náà ni "valkuil" ṣe jẹ́ val-kuil, ìyẹn ọ̀fìn. Ẹni tó bá gé e sí valk-uil ti so àṣá mọ́ òwìwí. Bí "s" tó kàn so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ bá wà ní oríkèé, bíi nínú "stationsgebouw" (ilé ibùdókọ̀ ojú irin), apá àkọ́kọ́ ló ni ín.

Síbẹ̀, gbólóhùn tí "kwartslagen" bá wà nínú rẹ̀ nìkan ló lè sọ bóyá kwart-slagen (yíyí ìdá kan nínú mẹ́rin) ni tàbí kwarts-lagen (ìpele òkúta quartz). Lórí irú rẹ̀, ọ̀nà yìí nìkan kò tó.