Ẹ̀kán oògùn ojú kan àti oyin mẹ́jọ

Ìgò oyin mẹ́jọ ló wà lórí tábìlì mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní Dublin. Ohun kan péré ni wọ́n fẹ́ kí n wá nínú wọn: chloramphenicol. Oògùn apakòkòrò yìí ló fà á tí Yúróòpù fi ti ilẹ̀kùn mọ́ oyin Ṣáínà lọ́dún 2002. Láti oṣù Kọkànlá 2022, bó bá ti tó 0.15 máíkrógíráàmù nínú kílò oyin kan, ọjà náà kò gbọdọ̀ wọlé. Nílé wa, ìṣáná la fi ń dán oyin wò. Ìṣáná kò mọ nǹkan kan nípa oògùn.

Oyin ibẹ̀ máa ń dì bí òrí, nítorí náà mo kọ́kọ́ gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Mo wọn gíráàmù márùn-ún nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, mo sì kán ìbejì chloramphenicol sí i, èyí tí wọ́n fi dùtéríọ̀mù (háídrójìn tó wúwo) márùn-ún rọ́pò háídrójìn lára rẹ̀ kó lè wúwo díẹ̀. Ohun tó bá sọnù lọ́nà lára ọ̀kan, irú rẹ̀ ni yóò sọnù lára èkejì. Ìyẹn la fi ń ṣírò. Mo fi omi pò ó, mo da ethyl acetate, kẹ́míkà olómi tó ń fa oògùn náà jáde, lé e, mo mì ín, mo yí i nínú ẹ̀rọ, mo fa èyí tó léfòó, mo fi atẹ́gùn náítírójìn gbẹ ẹ́. Ẹ̀rọ LC-MS/MS, tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ tó sì ń wọn bí wọ́n ṣe wúwo tó, ló kù. Ohun tó wúwo tó 321, ìyẹn chloramphenicol, ló ń wá. Á fọ́ ọ, á sì wo àfọ́kù 152 àti 257.

Ìgò kẹsàn-án ni oyin tí a mọ̀ dájú pé ó mọ́, tí a fi ń ṣọ́ ara wa. Òun gan-an ló gbé chloramphenicol jáde.

Mo ní ẹ̀rọ ló dọ̀tí. Mo fi omi lásán sí i, kò rí nǹkan kan. Mo pààrọ̀ ethyl acetate, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó tún jáde. Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kejì wá wò mí.

“Àbúrò, ojú rẹ pọ́n o. Kí lò ń kán sí i?”

“Apólò ni, ẹ̀gbọ́n. Oògùn tí mo rà wá láti Ìbàdàn ni.”

“Ka orúkọ rẹ̀ sí mi létí.”

Mi ò kà á tán. Chloramphenicol, ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ló wà lára ike náà. Bí ẹ̀kán kan bá jẹ́ 0.05 mílílítà, máíkrógíráàmù 250 ló wà nínú rẹ̀, ó sì lè ba oyin tó ju kílò 1,600 lọ jẹ́. Èmi sì rèé, mo kán an tán, mo nu ojú, mo wọ ìbọ̀wọ́ láìfọwọ́.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Ó ní kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà títí ojú mi á fi jinná, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kejì, oyin mímọ́ mọ́ lóòótọ́. Méje nínú mẹ́jọ mọ́. Ìkẹfà gbé 152 àti 257 jáde pọ̀, ó sì kọjá ààlà. Ìyẹn kì í ṣe ti ojú mi.