Ẹ̀yin Olùkọ́ Sáíkọ́lọ́jì Tuntun, Ẹ Fowó Yín Pamọ́

Bí olùkọ́ tuntun bá ti dé, tó ní òun fẹ́ fi sáíkọ́lọ́jì ọdún kìíní, ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn, kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n á ṣe máa yẹ ọ̀rọ̀ wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́, mo ti mọ̀ pé owó fẹ́ ṣòfò nìyẹn. Èrò náà dáa. Ohun tí wọ́n ń fi ṣe é ló ń bí mi nínú.

1. Ẹ má fowó ra ìdánwò "irú èèyàn wo ni ẹ́".

Èyí ló ń dùn mí jù. Ẹnìkan á lọ sí sẹ́mínà, á sanwó, á gba ìwé ẹ̀rí aláràbarà, á sì gbé ìwé ìbéèrè kan bọ̀ tó ń pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́: ìwọ, ojú lo fi ń kẹ́kọ̀ọ́, ìwọ, etí ni, ìwọ, ọwọ́ ni. Ní 2008, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì kan, Harold Pashler, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tú ìwádìí tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí wò, wọn ò rí ẹ̀rí gidi pé èèyàn á mọ̀wé sí i tí a bá kọ́ ọ lọ́nà tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀. Kálukú ló ní ohun tó wù ú, ìyẹn ò ṣòro. Ẹ wá ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣí kíláàsì tí ẹ ti fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kó máa bèèrè ẹ̀rí!

Bó bá jẹ́ ìdánwò irú èèyàn lẹ ṣáà fẹ́, owó fọ́tókọ́pì ti tó. Ní 1948, Bertram Forer, olùkọ́ sáíkọ́lọ́jì bíi tiyín, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ 39 ní ìdánwò, nígbà tó yá, ó fún kálukú ní èsì, ó ní kí wọ́n fi àmì láti òdo dé 5 sọ bó ṣe bá wọn mu tó. Àmì wọn, tí a bá pín in dọ́gba, lé ní 4. Èsì kan náà ló fún gbogbo wọn, inú ìwé ìwòràwọ̀ tí wọ́n ń tà níbi ìwé ìròyìn ló sì ti ṣa ọ̀rọ̀ ibẹ̀.

Mo máa ń kọ tèmi fúnra mi. "O máa ń rẹ́rìn-ín láàárín èrò, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ tí o kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ." Màá kọ orúkọ kálukú sára ànfílóòpù, màá wá fajú ro bíi wólìí, èmi tí mi ò mọ ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì mi sí. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan níwájú ní, "Ha, sà, ta ló ròyìn mi fún yín?" Mo ní kó fún ẹni tó jókòó tì í ní ìwé rẹ̀. Ariwo ta.

Ibi tí àwọn tó wo iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi ti ń bà á jẹ́ rèé: wọ́n á bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì kọjá sí orí kejì. Rárá o. Inú ariwo yẹn niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé gbólóhùn wo níbẹ̀ ni kò ní bá ìyá àgbà yín mu? Kí ni ìwé yìí sọ tó lè já sí irọ́? Wọ́n á wò ó títí, wọn ò ní rí i. Ẹ wá ní kí wọ́n kọ gbólóhùn tó lè já sí irọ́ nípa ara wọn: "o kì í jẹ ata", "o ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí". Kí wọ́n tún fún un ní àmì. Ẹ ó rí bí àmì ṣe máa já wálẹ̀.

2. Kíkọ́ orúkọ àṣìṣe ìrònú sórí. Ọmọ á ka ogún orúkọ láìmí, á sì ṣubú síbi ìbéèrè Peter Wason, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì tó ń wádìí bí èèyàn ṣe ń ronú. Ẹ kọ 2, 4, 6 sójú pátákó, ẹ ní òfin kan ló wà nídìí rẹ̀, kí wọ́n máa dárúkọ nọ́ńbà mẹ́ta-mẹ́ta láti fi wá a. Wọ́n á ní 8, 10, 12. Bẹ́ẹ̀ ni. 20, 22, 24. Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á fò sókè pé méjì là ń fi kún un. Irọ́! Òfin náà ò ju kí nọ́ńbà ṣáà máa pọ̀ sí i lọ. Nínú èèyàn 29 tí Wason dán wò ní 1960, 6 péré ló sọ ọ́ láìkọ́kọ́ ṣì í. Ẹni tó máa dán 5, 3, 1 wò, kí wọ́n lè sọ fún un pé rárá, ṣọ̀wọ́n. Ṣọ́ọ̀kì nìkan lèyí ná mi.

3. Projector. Iná ò sí, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ sì yéé fi ìtàn tí kò dúró kọ́ wọn. Ẹ ń sọ pé èèyàn 38 dúró wo bí wọ́n ṣe pa obìnrin kan, Kitty Genovese, ní New York ní 1964. Ìwé ìròyìn New York Times tó gbé e jáde ti sọ fúnra rẹ̀ ní 2016 pé ìròyìn ọjọ́ náà ní àbùkù, pé ó bù mọ́ iye àwọn tó rí i. Ẹ sọ ìtàn náà, ẹ sọ àtúnṣe rẹ̀, kí wọ́n wá sọ ohun tí àwọn ì bá ti bi akọ̀ròyìn yẹn.

Fífi ẹ̀sìn ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́: ẹni tó ń bínú ò gbọ́ ẹ̀kọ́.

Ti àgbo ńkọ́? Ẹ má sọ pé irọ́ ni, ẹ má sọ pé òótọ́ ni. Ẹ ní ẹnìkan sọ pé ogójì èèyàn tó ní ọ̀fìnkìn mu àgbo òun, ara wọn sì yá. Ẹ ya àpótí mẹ́rin sójú pátákó: àwọn tó mu ún tí ara wọn yá, àwọn tó mu ún tí kò yá, àwọn tí kò mu ún tí ara wọn yá, àwọn tí kò mu ún tí kò yá. Àpótí kan ṣoṣo lẹni yẹn kún fún wa. Ọ̀fìnkìn sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà nípa kápúsù tí wọ́n ń polówó lórí rédíò, kí wọ́n má baà rò pé àgbo nìkan lẹ̀ ń bá jà.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tán, tí ẹ wá gbé ìdánwò "kí ni ìtumọ̀" kalẹ̀, ìtumọ̀ náà ni wọ́n máa kọ́ sórí. Ẹ fún wọn ní ìpolówó kan, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó náwó lé e. Mímáàkì rẹ̀ le o. Ìwé tèmi tí mo fẹ́ máàkì ṣì wà nílẹ̀ níhìn-ín, mo fi í sílẹ̀ kí n lè wá bá yín jà.